Eré Kérésìmesì nínú ilé: bí a ṣe ń ṣètò rẹ̀ tí kò fi ní sú ọmọdé, tí kò sì ní sú àgbà

Ìjókòó lásán ló máa ń pa eré Kérésìmesì. Ọmọ ọdún márùn-ún tí wọ́n lé jáde nínú eré ní ìṣẹ́jú kejì, tí wọ́n wá ní kó jókòó wo àwọn tó kù fún ìṣẹ́jú 15, yóò wá nǹkan mìíràn ṣe. Bí kò bá sunkún, yóò lọ tú ẹ̀bùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó mú eré kankan, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó kí ó tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ẹ pín àwọn ènìyàn sí ọ̀wọ́ tàbí kí ẹ yí òfin eré náà padà. Ìbéèrè yìí la fi yan àwọn eré tó wà nísàlẹ̀, òun náà ló sì fà á tí a fi tún òfin àwọn kan nínú wọn ṣe.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ yan olùdarí kan. Òun kò ní bá wọn díje. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka òfin, láti wo aago, àti láti dá ẹjọ́. Níbi tí olùdarí bá ti ń darí tó tún ń díje, àríyànjiyàn kì í tán. Bí gbogbo yín bá fẹ́ ṣeré, ẹ máa gba ipò náà fún ara yín lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan.

Wákàtí méjì gba eré márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ múra méjì sílẹ̀ ní àfikún, nítorí eré tó dùn gan-an lójú bébà lè má mú ẹnikẹ́ni lórí ìjókòó. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ pa á tì kí ó tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí ẹni tí yóò bi yín. Ẹ sì dá eré tó ń dùn dúró nígbà tí wọ́n ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀kan sí i.

Bí ẹ ṣe tò wọ́n tẹ̀ léra ṣe pàtàkì. Eré tí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè dá sí lójú ẹsẹ̀ ni kó ṣíwájú, nítorí ènìyàn kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Eré sísáré àti fífò ló tẹ̀ lé e, kí oúnjẹ tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó, eré àfìjókòóṣe ló tọ́ sí i. Pàṣípààrọ̀ ẹ̀bùn ni kó kẹ́yìn pátápátá: gbàrà tí ọmọdé bá ti gba ohun ìṣeré tuntun, ẹ ò ní rí i pè mọ́.

Ẹ kó gbogbo ohun èlò sínú páálí kan lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú: dáìsì méjì, bébà, bírò bíi mẹ́wàá, ife oníke 20, rọ́bà tí wọ́n fi ń so owó, okùn tín-ín-rín, òwú, tíṣù onírólù mẹ́rin, ìwé ìròyìn àtijọ́, sẹ́lótéèpù àti sìsọ́ọ̀sì. Sìsọ́ọ̀sì ọwọ́ olùdarí ni yóò wà. Nínú pálọ̀, ẹ gbé tábìlì onígíláàsì kúrò láàárín, ẹ ká wáyà iná Kérésì kúrò lójú ọ̀nà, ẹ sì pa àbẹ́là. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ táìlì, kí gbogbo ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ bọ́ ọ. Ìbọ̀sẹ̀ lórí táìlì ló ń gbé ènìyàn ṣubú níbi eré inú ilé.

Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta bá wà láàárín yín, dáìsì, bọ́tìnnì, àti ẹ̀bùn tó lè wọ ẹnu ọmọ náà kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀. Bàlúùnù tí kò tíì ní afẹ́fẹ́ àti àfọ́kù èyí tó bẹ́ léwu púpọ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ. Ó lè dí ọ̀nà ọ̀fun wọn. Ẹ ṣa gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ta ni mí?

Eré àkọ́wọlé nìyí. Ẹ kọ orúkọ ènìyàn, ẹranko tàbí ohun kan tó jẹ mọ́ Kérésìmesì sórí bébà kéékèèké: Màríà, Héródù, àgùntàn, ìràwọ̀, áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì, ràkúnmí, igi Kérésì, olùṣọ́-àgùntàn. Bí ẹnì kan ṣe ń wọlé, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ọ̀kan mọ́ ọn lẹ́yìn láì jẹ́ kó rí i. Yóò máa bi àwọn tó wà ńlẹ̀ ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kò ju “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” lọ: Ṣé ènìyàn ni mí? Ṣé mo ní ìyẹ́? Ṣé wọ́n bẹ̀rù mi? Ìbéèrè méjì péré ni kó bi ẹnì kan kó tó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Òfin kékeré yìí ni kì í jẹ́ kí ọmọ bùrọ̀dá àti ọmọ àǹtí tí wọn kò tíì rí ara wọn rí jókòó sí igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n kọ sí òun lẹ́yìn yóò gba bébà mìíràn. Bí ọmọ kan kò bá tíì lè kàwé, kò sí wàhálà, nítorí òun kọ́ ló ń ka ohun tó wà lẹ́yìn ara rẹ̀. Àgbà kan lè máa sọ tẹlòmíràn sí i létí.

Bọ́ọ̀lù ọ̀rá

Bó bá jẹ́ eré kan ṣoṣo lẹ ní àyè fún, èyí ni kí ẹ ṣe. Ẹ ó wé ẹ̀bùn kéékèèké sínú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo oúnjẹ títí yóò fi di bọ́ọ̀lù ńlá. Ẹnì kan á máa tú u, ẹni tó jókòó tẹ̀ lé e á máa da dáìsì méjì. Bí dáìsì méjèèjì bá ti fi nọ́ńbà kan náà hàn, bọ́ọ̀lù di ti ẹni tó dà á, dáìsì á sì sún sọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ lé òun náà. Ohun tó bá já bọ́ lọ́wọ́ yín, tiyín ni.

1. Ẹ ka ènìyàn, kí ẹ sì mú ẹ̀bùn méjì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ọ̀kan tó tóbi fún àárín. Fún ènìyàn mẹ́jọ, ìyẹn jẹ́ 17. Súìtì, ìparẹ́, pẹ́ńsù kíkùn, ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ká, owó bébà tí wọ́n ṣẹ́, bébà tí wọ́n kọ “ìwọ ò ní fọ abọ́ lọ́la” sí: gbogbo rẹ̀ dára. Ohun tó ní igun mímú máa ń ya ọ̀rá láti inú. Ṣokoléètì náà á yọ́ bí ọwọ́ bá ti gbà á bíi mẹ́wàá.
2. Ẹ gé ọ̀rá sí wẹ́wẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí mítà kan. Rólù tó gùn ní mítà 30 tó fún bọ́ọ̀lù ènìyàn mẹ́jọ.
3. Ẹ fi ẹ̀bùn ńlá sí àárín, ẹ wé e ní ìpele mẹ́ta, kí ẹ wá fi ẹ̀bùn kan sí ìpele kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀ lé e. Ẹ máa yí ìhà tí ẹ ń wé e sí padà: ní òró, ní ìbú, ní dágún. Ẹ fà á le bí ẹ ṣe ń wé e, kó lè lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Kò nílò sẹ́lótéèpù rárá.
4. Níbi tó bá ti ku díẹ̀ kí ó tóbi tó, ẹ fi ìpele òfìfo méjì tàbí mẹ́ta bò ó, kí ẹni àkọ́kọ́ má bàa kó ẹ̀bùn mẹ́ta nínú ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá.
5. Kí gbogbo yín jókòó yí ká lórí ilẹ̀ tàbí àga. Inú abọ́ tàbí tíréè ni kí wọ́n máa da dáìsì sí. Bí dáìsì bá bọ́ sílẹ̀, kò kà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni wíwé odindi rólù náà láì gé e. Ẹni tó bá ti rí etí rẹ̀ kàn máa yí bọ́ọ̀lù náà, gbogbo rẹ̀ á sì tú tán lọ́wọ́ ènìyàn kan. Ọ̀rá tí wọ́n gé ló ń mú kí wọ́n wá etí rẹ̀ tuntun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ gan-an sì ni ariwo ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ti dáìsì, ọ̀nà 36 ni méjì lè gbà balẹ̀, mẹ́fà péré nínú wọn ni nọ́ńbà méjèèjì ti dọ́gba. Nítorí náà, ẹnì kan á da dáìsì tó ìgbà mẹ́fà, ká ní kó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, kí ó tó bọ́ sí i, ìyẹn bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 20. Bí ẹ bá ju mẹ́jọ lọ, ìdúró á ti gùn jù. Ẹ di bọ́ọ̀lù méjì, kí ẹ sì pín sí agbo méjì. Fún àwọn ọmọ kéékèèké, ẹ lo dáìsì kan, kí mẹ́fà jẹ́ nọ́ńbà tó ń gba bọ́ọ̀lù. Bó ṣe máa ń pẹ́ tó kò yí padà, ṣùgbọ́n ojú wọn tètè ń rí i.

Ohun kan ṣì lè dà á rú: ẹnì kan lè kó ẹ̀bùn márùn-ún kí ẹlòmíràn má rí ọ̀kan. Ẹ là á mọ́lẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹni tó bá ti ní mẹ́ta, ìkẹrin rẹ̀ yóò lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò ní nǹkan kan. Bí ẹ bá sọ òfin yìí lẹ́yìn tí ìjà ti dé, ẹni tó ní márùn-ún kò ní gbà. Ní òpin, ẹ kó gbogbo ọ̀rá náà dànù kí ọmọdé má fi bo ojú.

Ijó orí ìwé ìròyìn

Gbogbo ènìyàn ló mọ eré àga olórin: àga máa ń dín ọ̀kan sí iye ènìyàn, ẹni tí kò bá rí ibi jókòó á jáde. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọmọ tó kéré jù, tí kò lè sáré, ló kọ́kọ́ ń jáde, òun náà sì ni ìdúró ṣòro fún jù. Ìwé ìròyìn la fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ pín àwọn ènìyàn ní méjì méjì, àgbà kan pẹ̀lú ọmọdé kan bó bá ṣeé ṣe. Ẹ tẹ́ odindi ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ fún méjì kọ̀ọ̀kan. Bí orin bá ń lọ, wọn á máa jó yí i ká. Bí orin bá dákẹ́, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ dúró lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, kí ẹsẹ̀ kankan má kan ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣẹ́ ìwé náà sí méjì, kí orin tún bẹ̀rẹ̀. Ìwé tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 75 sí 60 á ti di nǹkan bí 19 sí 15 lẹ́yìn ṣíṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin, èyí tó kéré sí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbàlagbà. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti máa gbé ara wọn pọ̀n. Àwọn tó bá jáde ni yóò máa dá orin dúró, kì í ṣe olùdarí mọ́. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọmọdé débi pé àwọn kan á mọ̀ọ́mọ̀ jáde.

Ìwé ìròyìn ń yọ̀ lórí táìlì. Ẹ lo aṣọ ìnura tàbí gèlè tí ẹ ká bí ẹ kò bá ní kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn ni kó mú fóònù orin.

Dídi ènìyàn ní tíṣù

Ènìyàn mẹ́ta ní ọ̀wọ́ kan, tíṣù onírólù méjì, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹnì kan dúró, àwọn méjì tó kù á fi tíṣù wé e títí yóò fi funfun bíi yìnyín, wọn á wá fi gèlè, fìlà àti bọ́tìnnì bébà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀wọ́ tó bá bo ara jù láàárín àkókò náà ló jẹ.

Tíṣù máa ń já nítorí pé wọ́n dúró sójú kan tí wọ́n ń fà á. Ẹni tó mú rólù ni kó máa rìn yí ẹni tó dúró ká, kó jẹ́ kí tíṣù máa tú fúnra rẹ̀. Ìbàdí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lọ sókè, kí ẹ fi ẹsẹ̀ sí ìkẹyìn, kí ẹ sì wé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹni tí wọ́n dè ní ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kò lè gbá ara rẹ̀ mú bó bá ń ṣubú. Imú àti ẹnu kò gbọdọ̀ bò.

Ìṣẹ́jú kan péré

Àwọn eré kéékèèké yìí dára fún ìgbà tí oúnjẹ ń pẹ́. Aago fóònù, 60 ìṣẹ́jú-àáyá, kí ọ̀wọ́ méjì máa ṣe é pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Òwú àti imú: ẹ ká òwú róbótó mẹ́wàá sínú abọ́ kan, ẹ gbé abọ́ òfìfo sí ìwọ̀n mítà méjì sí i. Ẹ fi fasilíìnì tó tó hóró ẹ̀wà kan sí ṣóńṣó imú. Ẹni náà á tẹ orí bọ inú abọ́, òwú á lẹ̀ mọ́ ọn nímú, á gbé e lọ sí èkejì láì lo ọwọ́. Gbígbé e rọrùn, jíjù ú sílẹ̀ lọ́ràn wà: kò ní bọ́ àfi kó fi imú ra etí abọ́. Bí fasilíìnì bá pọ̀ jù, òwú á gbà á sára, kò sì ní bọ́ mọ́ rárá.

Ife àti okùn la fẹ́ràn jù nínú wọn, nítorí kò sí ẹni tó lè dá a ṣe. Ẹ so okùn mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà 60, mọ́ rọ́bà kan ní àlàfo tó dọ́gba. Ènìyàn mẹ́rin á di etí okùn mú. Bí wọ́n bá jọ fà á, rọ́bà á fẹ̀, á wọ ara ife. Bí wọ́n bá dẹ̀ ẹ́, á fún un mú. Kí wọ́n fi bẹ́ẹ̀ gbé ife mẹ́fà léra: mẹ́ta nísàlẹ̀, méjì lórí wọn, ọ̀kan lókè. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta fún èyí. Bí ẹnì kan bá fà ju àwọn tó kù lọ, ife á ṣubú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó kéré jù máa pàṣẹ “fà” àti “dẹ̀ ẹ́”.

Eré bísíkíìtì, níbi tí wọ́n ti ń fi iṣan ojú mú bísíkíìtì láti iwájú orí wá sí ẹnu, àwọn àgbà ni kó ṣe é. Oúnjẹ lè há ọmọ kékeré tó gbé orí sẹ́yìn lọ́fun.

Bébà kan náà, ìpele mẹ́ta

Eré fífi ara sọ̀rọ̀ lásán tètè máa ń sú ènìyàn. Èyí kì í sú wọn, torí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń padà sí, tó sì ń dùn sí i. Ẹ pín sí ọ̀wọ́ méjì. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó jẹ mọ́ Kérésìmesì sórí bébà mẹ́rin, kí ó ṣẹ́ wọn sínú abọ́ kan.

Ní ìpele kìíní, ẹ ó ṣàlàyé ohun tó wà lórí bébà láì dárúkọ rẹ̀. Ní ìpele kejì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ lè sọ. Ní ìkẹta, ẹ ò ní sọ̀rọ̀ rárá, ara lẹ ó fi sọ ọ́. Ìṣẹ́jú-àáyá 45 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, bébà tí ọ̀wọ́ rẹ̀ bá sì mọ̀ di tiwọn. Bí abọ́ bá ṣófo, ẹ ka bébà, ẹ kọ máàkì sílẹ̀, kí ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà fún ìpele tó kàn. Ènìyàn mẹ́jọ pẹ̀lú bébà 32 máa ń gba bí ìdajì wákàtí.

Ó máa ń kùnà bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ọgbọ́n hàn, tó kọ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́ rí. Òfin tó wo èyí sàn ni pé ọmọ tó kéré jù nínú eré gbọ́dọ̀ mọ ohun náà. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè fo bébà kan ní ìgbà tirẹ̀, kò ju ẹyọ kan. Ọmọ tí kò lè kàwé, kí olùdarí sọ ọ́ sí i létí kí aago tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó rọrùn jù, kí ẹnì kan fi imú kọ orin Kérésì, láìsí ọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó wà lórí fóònù láti ọ̀nà jíjìn náà lè bá yín ṣe é, ṣùgbọ́n ohùn wọn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Ẹ má fi ti ẹni tó kọ́kọ́ pariwo ṣe. Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí wọ́n gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè lórí ìtàn ìbí Jésù

Lẹ́yìn oúnjẹ, èyí ló tọ́. Ohun tó ń mú un dùn ni ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn rò pé àwọn mọ̀. Ẹ gbé Bíbélì sórí tábìlì, nítorí wọn kò ní gbà yín gbọ́.

Amòye mélòó ló wá láti ìlà-oòrùn? Bíbélì kò sọ iye. Ẹ̀bùn ló jẹ́ mẹ́ta: wúrà, tùràrí àti òjíá (Mátíù 2:11). Níbo ni wọ́n ti bá ọmọ náà? Nínú ilé, ẹsẹ kan náà ló wà. Àwọn olùṣọ́-àgùntàn ló bá a ní ibùjẹ ẹran. Ẹranko wo ni Màríà gùn lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù? Kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ ẹranko kankan. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ inú àwòrán ni. Kí ni orúkọ onílé tó lé wọn? Kò sí onílé kankan nínú ìtàn náà, ohun tí Lúùkù 2:7 sọ kò ju pé kò sí àyè. Ọjọ́ wo nínú oṣù Kejìlá ni wọ́n kọ sínú Bíbélì? Wọn kò kọ ọjọ́, wọn kò kọ oṣù.

Àwọn tó ní ìdáhùn tààrà náà pọ̀. Ta ló pàṣẹ ìkànìyàn? Késárì Ògọ́sítọ́sì. Ìwé Ìhìnrere mélòó nínú mẹ́rin ló sọ ìtàn ìbí náà? Méjì, Mátíù àti Lúùkù. Wòlíì wo ló dárúkọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ṣáájú? Míkà, orí 5. Ta ni kò lè sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ? Sekaráyà. Ilẹ̀ wo ni wọ́n sá lọ nítorí Héródù? Íjíbítì.

Máàkì kan fún ìbéèrè tààrà, méjì fún èyí tó ní ẹ̀tàn. Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọmọdé àti àgbà, kí ọmọdé sì jẹ́ akọ̀wé. Ìbéèrè 15 ti tó. Bí ẹ bá dé 30, àgbà á ti máa sùn.

Ọ̀tún àti òsì

Èyí ni pàṣípààrọ̀ ẹ̀bùn tó yẹ àwọn ọmọdé, torí kò sí ẹni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn jókòó yí ká, oníkálukú mú ẹ̀bùn tí wọ́n ti wé dání. Olùdarí á ka ìtàn kan. Bó bá ti pe “ọ̀tún”, ẹ̀bùn á lọ sọ́wọ́ ẹni tó wà lápá ọ̀tún. Bó bá pe “òsì”, á lọ sí òsì. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ báyìí:

“Jósẹ́fù gbé ẹrù kọ́ èjìká ọ̀tún, ó fi ọwọ́ òsì di Màríà mú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ilé gbogbo ti kún. Ó kan ilẹ̀kùn kan lápá ọ̀tún, wọn ò dáhùn. Ó yà sí ọ̀tún…”

Kí ìtàn náà ní “ọ̀tún” àti “òsì” bí 20 lápapọ̀. Ẹ kà wọ́n kí ọjọ́ tó pé. Bí iye “ọ̀tún” bá dọ́gba pẹ̀lú “òsì”, gbogbo ẹ̀bùn á padà sọ́wọ́ ẹni tó mú un wá. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí bí ìyàtọ̀ wọn bá jẹ́ iye àwọn tó jókòó gan-an tàbí ìlọ́po rẹ̀. Fún ènìyàn mẹ́jọ, “ọ̀tún” 12 àti “òsì” 9 dára: ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan á sún ẹni mẹ́ta sí ọ̀tún. Ẹ yọ “ó tún” kúrò nínú ìtàn bí ọmọdé bá wà níbẹ̀, torí á dà bí “ọ̀tún” létí wọn, ẹ̀bùn á sì pọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Fún àgbà, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀.

Pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú gbígbà

Ti àwọn tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá nìyí. Ẹni mẹ́fà sí 12 ló dára fún. Ẹ jọ fẹnu kò lórí iye tí ẹ̀bùn kò gbọdọ̀ kọjá, kí wọ́n wé gbogbo rẹ̀ láìsí orúkọ, kí ẹ tò ó sáàárín. Ẹ kọ nọ́ńbà sórí bébà, kí oníkálukú mú ọ̀kan.

Nọ́ńbà kìíní á mú ẹ̀bùn kan, á tú u lójú gbogbo ènìyàn. Nọ́ńbà kejì lè tú tuntun, tàbí kó gba ti ẹni àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọn á máa ṣe é lọ. Ẹni tí wọ́n bá gba tirẹ̀ á tú tuntun tàbí kó lọ gba ti ẹlòmíràn, àmọ́ kò lè gba ohun kan náà padà lójú ẹsẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ti gbà lẹ́ẹ̀mẹta ti di ti ẹni tó gbà á kẹ́yìn, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án mọ́. Láìsí òfin yìí, wọ́n á máa lé ẹ̀bùn kan ṣoṣo kiri títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ènìyàn mẹ́wàá máa ń lò tó ìdajì wákàtí, ó sì ju ìṣẹ́jú méjì lọ kó tó kan ẹnì kan. Kò sí ẹni tí ó ń sú, nítorí ẹnikẹ́ni ni wọ́n lè gba tirẹ̀ nígbàkúùgbà. Ní òpin, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà kìíní pàṣípààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan bó bá fẹ́, torí òun nìkan ni kò rí nǹkan kan yàn níbẹ̀rẹ̀. Bí ohun tó fẹ́ bá ti wà lára àwọn tí wọ́n gbà lẹ́ẹ̀mẹta, kó wá òmíràn.